Ìṣọ́ Méje fún Ẹni Tó Ń Gbàgbé Èémí

Àlàmísì, 12 oṣù kejìlá

Ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ láti àríwá, eruku pọ̀, ojú kò ríran ju ìdí ọ̀pẹ kejì lọ.

Wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù Àjàṣẹ́. Fàúzíyàtù ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn taksí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú, níbi tí wọ́n ti là á gbé ọmọ jáde. Ọmọ wà lára mi lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, awọ mọ́ awọ, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kò wúwo ju búrẹ́dì kan lọ. Títí a fi dé Ifangni n kò gbé ojú kúrò ní orí rẹ̀.

Kí a tó kúrò, nọ́ọ̀sì àgbà tó wà ní iyàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ọmọ náà ti ń gbé wàrà mì, ara rẹ̀ kì í sì í tutù mọ́, ohun kan ló kù: kò tíì mọ èémí í mí tán. Yóò máa mí lọ, yóò wá gbàgbé. Bó bá ti gbàgbé, kí a fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, yóò rántí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí yóò fi dàgbà díẹ̀ sí i.

Mo ní, bó bá gbàgbé tí a kò rí i ńkọ́?

"Ẹ ó rí i ni, bàbá ọmọ," ni ó wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi ti gbálẹ̀ iyàrá, ó ti fi aṣọ dí fèrèsé. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó tú ìborùn rẹ̀, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀ kí n tó ṣàlàyé. Ọsibítù ń pe gbígbé ọmọ báyìí ní kangourou, orúkọ ẹranko kan tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn rẹ̀. Ìyá ní àpọ̀nsáyà ni.

Jímọ̀, 13 oṣù kejìlá

Gbogbo wa la jókòó tì í lóru àná: èmi, Ìyá, Fàúzíyàtù, àti Sadatou àbúrò rẹ̀ tó ti Banigbé wá ràn wá lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wa la ti sùn lọ. Nígbà tí mo ta jí, ètè ọmọ ti rí bí aṣọ ẹlẹ́lùú. Mo ta á lẹ́sẹ̀. Kò sí nǹkan. Mo tún ta á. Ó ké bí òròmọdìẹ.

Nínú ọkọ̀ òkun tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣọ́nà pọ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣọ́nà. Nígbà tí mo ti mọ́sálásí dé mo pè wọ́n jókòó, mo pín ọjọ́ bí Cyprien ṣe kọ́ mi. Òun ni ọ̀gá àwa atukọ̀ nínú ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ̀, ó ti ń ṣọ́ òkun kí wọ́n tó bí mi. Ìṣọ́ àkọ́kọ́, láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di ọ̀gànjọ́. Ìṣọ́ ọ̀gànjọ́, títí di aago mẹ́rin. Ìṣọ́ ìdájí. Ìṣọ́ ìyálẹ̀ta. Ìṣọ́ ọ̀sán. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni gbogbo wọn. Ti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n là sí méjì, wákàtí méjì-méjì.

Sadatou bi mí ìdí tí a fi ní láti la ìyẹn. Mo ní, àwa mẹ́ta la lè ṣọ́, torí Fàúzíyàtù kò tíì lè jókòó pẹ́. Bí ìṣọ́ bá jẹ́ mẹ́fà, wákàtí kan náà ni yóò máa kan olúkúlùkù lójoojúmọ́, ẹni tí ọ̀gànjọ́ bá sì kàn, ọ̀gànjọ́ ni yóò pa á. Bó bá di méje, ìṣọ́ á máa yí. Ẹni tó jìyà lónìí á sùn lọ́la.

Ìyá ń gbọ́ mi títí mo fi sọ pé àwọn òyìnbó ń pe méjì kékeré yẹn ní ìṣọ́ ajá.

"Ajá wo?"

Mo ní bí wọ́n ṣe ń pè é nínú ọkọ̀ nìyẹn.

"Àlàó, ṣé inú ọkọ̀ la wà? Ajá kan kò ní ṣọ́ ọmọ mi."

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ: ìṣọ́ Làásàrì, ìṣọ́ Màgàríbì. N kò bá a jiyàn.

Òfin kan péré la ṣe. Ẹni tó wà lórí ìṣọ́ kò gbọdọ̀ dìde àfi tí ẹni tó fẹ́ gbà á bá ti fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ, tó gbọ́ èémí fúnra rẹ̀, tó sì wí pé, "Ó ń mí." Kí ẹni tó ń lọ dáhùn pé, "Mo gbọ́."

Àtìní, 16 oṣù kejìlá

Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbàgbé nínú ìṣọ́ mi. Ó rántí.

Àlàrùbá, 18 oṣù kejìlá

Ọyẹ́ ń le sí i. Ètè gbogbo wa ti bó. Mo lọ sí Igolo lọ ra fìlà onírun, kò sí èyí tó kéré tó orí rẹ̀. Sadatou gé ìbọ̀sẹ̀ tuntun kan, ó rán ẹnu rẹ̀ pọ̀. Epo kpayo, bẹntiróòlù inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tún ti wọ́n, mo sì ra ìgò méjì fún Victorin. Òun ni aládùúgbò wa tó ń gun zémìjàn. A ti bá a ṣe àdéhùn pé kò ní jẹ́ kí epo tán nínú ọ̀kadà rẹ̀ láé, ẹnu ọ̀nà wa ni yóò sì máa gbé e sí.

Àáfà yà wá kí wa. Ó bi wá nípa orúkọ, torí ọjọ́ kẹjọ ti kọjá nígbà tí ọmọ wà ní ọsibítù. Ìyá ní kí a jẹ́ kí ọyẹ́ lọ ná. Fàúzíyàtù gbé ojú sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọmọ yóò yè.

Mo rí bí Ìyá ṣe ń ṣọ́ tirẹ̀. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá mí, ó ti ìlẹ̀kẹ̀ kan. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá dúró, ìka rẹ̀ ti wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ. Kò yára, kò sì bẹ̀rù rí. Nínú gbogbo atukọ̀ tí mo bá ṣiṣẹ́, n kò rí irú rẹ̀.

Jímọ̀, 20 oṣù kejìlá

Jean-Marc pè mí láti Kútọnú. Òun ló ń bá ọkọ̀ wa kó ènìyàn jọ. Ó ní wọ́n ó ṣí lọ sí Dakar bí ọdún tuntun bá ti wọlé, ṣé kí òun kọ orúkọ mi? Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Ó ní ọjọ́ kò sí mọ́.

Ìyá ní kí n lọ.

Àtàláátà, 24 oṣù kejìlá

Victorin ló gbọ́ ọ ní Banigbé. Ọmọkùnrin kékeré tí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ wa ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú wa, ti kú. Lójú oorun ni. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

A pinnu pé a kò ní sọ fún Fàúzíyàtù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó bi mí bóyá wọ́n ti sin ín.

Àlàmísì, 26 oṣù kejìlá

A gbé ọmọ lọ sí sàǹtéè, ilé ìlera tó sún mọ́ wa, fún ìwọ̀n. Ó sanra díẹ̀. Tàǹtí Philomène, agbẹ̀bí ibẹ̀, yọ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ó ní kí a má yí ohunkóhun padà nínú ohun tí à ń ṣe.

Bí a ti fẹ́ máa lọ ló wo ẹsẹ̀ Ìyá. Ó ní, "Ìyá, ẹsẹ̀ yín wú. Ẹ jókòó kí n wo tension yín, bóyá ẹ̀jẹ̀ yín ń ru."

Ìyá ní, "Èmi kọ́ ni wọ́n gbé wá." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Àtìní, 30 oṣù kejìlá

Òwúrọ̀ yìí ló burú jù.

Sadatou ló wà lórí ìṣọ́ ìdájí. Ilẹ̀ ti ń mọ́. Ó ké pè mí, mo sì mọ̀ láti inú ohùn rẹ̀ kí n tó dìde. Ó ti ta á lẹ́sẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ fi pọ́n. Ọmọ rọ̀ bí aṣọ tí a fún. Mo fi ẹnu bo imú àti ẹnu rẹ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀, ìwọ̀nba tó lè gba inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo tún fẹ́. Victorin ti tan ọ̀kadà rẹ̀. Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lójú ọ̀nà, eruku ń wọ̀ wá lójú, n kò sì mọ̀ bóyá òkú ni mo gbé dání.

Ibi tí ọ̀nà Lagbé ti yà ni ó ti mí. Ó mí bí ẹni tí wọ́n yọ nínú omi. Victorin gbọ́ ọ, ó fẹ́ dúró, mo ní kó máa lọ.

Philomène fún un ní atẹ́gùn inú ìgò, ó dá wa dúró títí di ọ̀sán. Nígbà tí a délé, Sadatou jókòó sí ẹ̀yìn ilé, ó ń sunkún. Ó ní kí a yọ òun. Ìyá lọ jókòó tì í. Ó ní, "Ìwọ lo rí i. Ẹni tó rí i ni wọ́n ń pè ní olùṣọ́." Alẹ́ yìí kan náà ni Sadatou tún gba ìṣọ́ rẹ̀.

Mo pe Jean-Marc. Mo ní kó yọ orúkọ mi.

Àlàmísì, 2 oṣù kìíní

Ọkọ̀ ti ṣí láìsí mi.

Àtìní, 6 oṣù kìíní

Fàúzíyàtù ti ń dìde dáadáa. Ó ní òun náà fẹ́ wọ inú ìṣọ́. Ìyá ní kò tíì yá, èmi ní ó yá, nítorí Sadatou ń tòògbé lójú oúnjẹ. A di mẹ́rin. Pẹ̀lú méje, ó ṣì ń yí. Inú mi dùn sí i bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ di ìtọ́kọ̀ mú tí ọkọ̀ gbọ́ tèmi.

Àlàmísì, 9 oṣù kìíní

Ọyẹ́ tó le jù láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Omi inú àmù dà bíi pé wọ́n fi yìnyín sí i. Eruku bo gbogbo nǹkan, títí kan ọ̀rá orí epo pupa tí Ìyá sè kẹ́yìn tí kò ráyè gbé lọ sọ́jà.

Ìyá ń wúkọ́. Kì í dùbúlẹ̀ sùn mọ́. Ó ń fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní bí òun bá dùbúlẹ̀, ọyẹ́ á jókòó lé òun láyà. Bàtà rẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, sálúbàtà mi ló ń wọ̀.

Mo ní kó jẹ́ kí n yọ ọ̀gànjọ́ kúrò nínú tirẹ̀, kí àwa tó kù pín in.

"Àlàó, ṣé o fẹ́ yọ mí lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Mo ní rárá.

"Nígbà tí o kọ́kọ́ lọ sí òkun, ta ló mọ ìgbà tí mo ń sùn?"

Mo ní kó jẹ́ kí a lọ bá Philomène. Ó ní bí ọmọ bá ti pé kílò méjì.

Àtàláátà, 14 oṣù kìíní

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí kò gbàgbé. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde.

Àlàmísì, 16 oṣù kìíní

Kílò méjì, ó dín díẹ̀. Sadatou jó nínú àgbàlá sàǹtéè, àwọn aláboyún ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ la ojú, ó ń wò wá bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Ìyá kò bá wa lọ. Ó ní ọ̀nà ti jìn jù fún òun, ọ̀nà tó ń rìn lọ sí oko láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ṣèlérí fún mi pé lọ́jọ́ Àtìní, Victorin á gbé òun lọ bá Philomène. Afẹ́fẹ́ dákẹ́ lónìí, ewé kan kò mì. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Lórí omi, irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìsinmi.

Àtìní, 20 oṣù kìíní

Láti Àbámẹ́ta n kò lè kọ nǹkan kan.

Ìṣọ́ Làásàrì ló kan Ìyá. Oòrùn ṣì wà. Ó ní ooru inú ilé mú òun, kí a gbé àga òun sí abẹ́ máńgòrò. Mo rò ó lọ́kàn pé ooru wo ló wà nínú ọyẹ́, ṣùgbọ́n mo gbé àga náà. Ó jókòó, ó di ọmọ sáyà, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àpótí. Gbogbo wa la wà ní àgbàlá. Sadatou ń lọ ata. Fàúzíyàtù ń fọ aṣọ ọmọ, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti là á. Èmi àti Victorin ń tún ṣéènì ọ̀kadà rẹ̀ ṣe. Ọ̀gànjọ́ la ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá. Ta ló ń bẹ̀rù ìrọ̀lẹ́?

Mo gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ń kọjá lábẹ́ ìka rẹ̀. Mo tún gbójú sókè, ó ti gbé orí ti igi. Mo ní ó ń sinmi. Mo bá ṣéènì mi lọ.

Nígbà tó kan Sadatou láti gbà á, ó nu ọwọ́, ó lọ. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ. Ó ní, "Ó ń mí, Ìyá." Ìyá kò dáhùn. Sadatou sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé oorun ni; òun kò fẹ́ jí àgbà tó ti rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó má dà bíi pé òun ká wọn mọ́ orí ìṣọ́ tí wọ́n ń sùn. Ó dúró tì í. Ó dúró títí ládàánì fi pe ìrun. Ìyá kì í gbọ́ ìpè ìrun kó má mira. Ìgbà yẹn ló tó wo ojú rẹ̀.

Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo Ìyá."

Ìborùn tó fi di ọmọ, ó so ó ní kókó méjì, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ó le débi pé n kò lè tú u, Victorin ló bá mi tú u. Bóyá ó ti mọ̀. Bóyá ó kàn rí i pé ọwọ́ òun kò lágbára mọ́. Ọmọ ń sùn nínú rẹ̀, ó pọ́n, kò yẹ̀ kúrò níbi tí a gbé e sí. Ọwọ́ Ìyá ti tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù. Ibi tí ọmọ wà nìkan ni kò tíì tutù.

A sin ín ní òwúrọ̀ Láádì. Bàbá Ìdírísù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti Lagbé wá, òun ló dúró níwájú òkú. Àwọn obìnrin Igolo tí wọ́n jọ ń ta epo kún àgbàlá débi pé ibi tí a ó jókòó kò sí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìṣọ́ àkọ́kọ́ kàn mí. Mo ṣe é.

Àlàrùbá, 22 oṣù kìíní

Philomène wá kí wa. Ó ní ọkàn Ìyá ló ti rẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ ẹ́, omi ló ń wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni wí.

Lẹ́yìn tó lọ ni Fàúzíyàtù sọ fún mi. Láti ìgbà tí òun ti wọ inú ìṣọ́, bí ọ̀gànjọ́ bá ti kan òun, Ìyá ló máa ń wá gba ọmọ. Á ní kó lọ sùn kí wàrà lè wá, á sì ní kó má sọ fún mi. Ó ní, "Mo sùn. Mo kàn ń sùn ni."

Mo fà á mọ́ra. Ohun tí n kò lè sọ fún un ni pé mo mọ bí atukọ̀ tó ń ṣe ìṣọ́ ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀ ṣe máa ń rí. Ojú rẹ̀ á wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á máa fi ìdúró sùn. Mo rí gbogbo rẹ̀. Ọmọ ni mo ń wò.

Àtìní, 27 oṣù kìíní

Àwa mẹ́ta. Ìṣọ́ méje. Ọmọ gbàgbé lẹ́ẹ̀kan lánàá, nínú ìṣọ́ Fàúzíyàtù. Òun ló ta á jí. Kò pe ẹnikẹ́ni.

Àlàmísì, 6 oṣù kejì

Eruku ti ń fò lọ. Mo rí ìràwọ̀ lálẹ́ àná. Mo gbé epo Ìyá lọ sọ́jà; àwọn obìnrin ibẹ̀ kò jẹ́ kí n sọ iye tí mo fẹ́, àwọn ló ta á fún mi.

Àtìní, 10 oṣù kejì

Philomène wọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú. Ó tẹ́tí sí àyà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ọmọ ti mọ̀ ọ́n mí, kí a lọ sùn.

Ẹnikẹ́ni kò sùn.

Jímọ̀, 14 oṣù kejì

A sọ ọ́ lórúkọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kò sí ariwo. Àáfà, Bàbá Ìdírísù, àwọn ará ilé, Victorin, Philomène tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá.

Àáfà béèrè orúkọ. Bàbá Ìdírísù kò jẹ́ kí n dáhùn. Ó ní, "Yétúndé ni. Kí ló kù tí a ń rò?" Àwọn àgbà gbogbo ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn obìnrin sì ti ń nu ojú.

Fàúzíyàtù, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn láti ọjọ́ ìsìnkú, kúnlẹ̀ níbi tó wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Yétúndé kì í mọ ìyá tó lọ kó tó dé. Èyí mọ̀ ọ́n. Wọ́n rí ara wọn."

Mo rò pé Bàbá máa bínú, torí ìyàwó ilé kì í ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wo ọmọ títí. Nígbà tó yá ó yíjú sí Àáfà, ó ní kó pe ọmọ ní Ràúfátù, orúkọ tí èmi àti Fàúzíyàtù ti sọ fún un ṣáájú.

Lẹ́yìn àdúrà, ó ní kí wọ́n gbé e fún òun. Fàúzíyàtù ṣí bọ́tìnì bùbá Bàbá, ó gbé ọmọ lé e láyà, ó fi ìborùn wé wọn pọ̀. Bàbá kò gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó jókòó gan-an, ó na ọrùn, ó di apá àga mú. Ẹnì kan mú omi wá fún un, ó mi orí. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé òun fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ mí èémí, kó má baà jí ọmọ.